ỌWỌ́ TÍ KÒ TÓ PẸPẸ

Nígbà tí a lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ kọ́ra ní Ayébọ̀dé-Èkìtì, ètò kan wà nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé títẹ̀. Lójoojúmọ́ ni ó ń bèèrè nọ́ńbà àṣẹ. A ó tẹ̀ ẹ́, yóò gbà á. Bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò tún bèèrè. Àwọn kan ní kí a kúkú wá èyí tí a jí.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Nínú Windows XP, tí Microsoft gbé jáde ní ọdún 2001, oríṣi àkáǹtì méjì ni ó wà: ti alábòójútó, àti èyí tí agbára rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ibi tí gbogbo àkáǹtì jùmọ̀ ń lò ni irú ètò bẹ́ẹ̀ ń kọ àṣẹ rẹ̀ sí. Àkáǹtì kékeré kò sì lè kọ ohunkóhun síbẹ̀. Ọ̀gá wa wọlé gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, ó tẹ nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀ràn sì parí.

Ẹ má ṣe tìtorí èyí fún gbogbo ọmọ ní àkáǹtì ńlá, nítorí kòkòrò tí ó bá gba ibẹ̀ wọlé lè ba gbogbo ẹ̀rọ jẹ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Kí olúkúlùkù ṣe tirẹ̀.