Imú Bàbá Arúgbó

Ẹni tó bá dúró níwájú àwòrán bàbá arúgbó àti ọmọdé tí Domenico Ghirlandaio ará Florence yà ní nǹkan bí ọdún 1490, èyí tó wà ní Louvre ní Paris lónìí, imú bàbá ni yóò kọ́kọ́ gba ojú rẹ̀. Imú náà wú, kókó ń gun kókó lórí rẹ̀. Lójú tèmi, imú yìí gan-an ni kò jẹ́ kí àwòrán náà di àgbàgbé láti ohun tó lé ní 500 ọdún. Ẹ wo bí ayàwòrán ṣe lò ó. Ẹ̀gbẹ́ ojú ọmọ náà ló kọ sí wa, kí a lè rí imú tirẹ̀, kékeré, tó gún régé, lábẹ́ ti bàbá. Ọmọ náà gbójú sókè, ó tẹjú mọ́ ibi tí àwa ń fẹ́ gbójú kúrò, ó sì gbé ọwọ́ lé àyà bàbá láìfòyà. Aṣọ pupa lọmọ wọ̀, aṣọ pupa ni bàbá wọ̀. Níbi tí wọ́n ti fara kanra, pupa wọ inú pupa, ojú wa á sì máa wá ibi tí ti bàbá parí sí. Ọ̀dà tí wọ́n fi pupa ẹyin pò ló ṣe gbogbo èyí lórí pákó.

Àwọn kan lè ní ohun tí ojú Ghirlandaio rí ló yà, kí ni àrà níbẹ̀? Ṣebí nígbà tí ayàwòrán mìíràn, Piero della Francesca, ń ya Federico da Montefeltro, olórí Urbino, ẹni tó ti pàdánù ojú ọ̀tún nínú ìdíje orí ẹṣin, ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan ló yà. Ọgbọ́n àtibo àbùkù ti wà nílẹ̀. Ghirlandaio lè fi búrọ́ọ̀ṣì bẹ́ imú náà wálẹ̀ díẹ̀, ta ni yóò bi í? Ṣùgbọ́n bí kò bá sí imú yẹn, ìwò ọmọ náà di ìwò lásán.

Àtakò tó le jù ni ti ẹni tó ní ìfẹ́ bàbá àgbà sí ọmọ-ọmọ ló ń wọ̀ wá lára, pé fọ́tò lásán náà ìbá ṣe é. Ìfẹ́ wo? A ò mọ orúkọ èyíkéyìí nínú wọn, kò sì sí ẹ̀rí pé ọmọ-ọmọ lọmọ náà. Inú ọ̀dà la ti rí ohun tí à ń pè ní ìfẹ́. Àwòrán mìíràn wà ní Stockholm, tí Ghirlandaio fi ọwọ́ fà sórí ìwé: orí bàbá yìí kan náà, ojú rẹ̀ pa dé. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó ti kú nígbà tí wọ́n fa ìyẹn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ayàwòrán ló la ojú náà, tó sì kọ ọ́ sí ọmọ náà.