Àwọn Ọ̀gá Tó Ń Báni Wí Láì Gbani Síṣẹ́

Ọmọbìnrin kan tó ń kàwé ní PTI ní Effurun, tó máa ń wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní ọjọ́ Sátidé, ló béèrè ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ èyí. Ó rí àṣìṣe nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà ètò open source kan, irú ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbà kí ẹnikẹ́ni tú inú rẹ̀ wò kó sì tún un ṣe, ó tún un ṣe, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń bójú tó o. Wọ́n dá a padà. Wọ́n ní kó lọ ka ìlànà, kó yéé fi àkókò àwọn ṣòfò. Ó gbé fóònù rẹ̀ síwájú mi, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé bí wọ́n ṣe ṣe ẹ̀yin náà nìyí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Kí ló wá dé tí ẹ ò fi wọ́n sílẹ̀?"

Oníbàárà wà níwájú mi lọ́jọ́ náà, mi ò ráyè dá a lóhùn dáadáa.

Ìjẹ̀ṣà ni mí, ṣùgbọ́n Warri ni mo ti ń jẹun láti kékeré. Bàbá mi ń tajà aṣọ ní ọjà Igbudu. Èmi ò fẹ́ iṣẹ́ aṣọ, mo sì lọ kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Warri–Sapele Road, níbi tí kò jìnnà sí Enerhen Junction, lókè ilé tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà mọ́tò. Ọmọ Itsekiri ni ọ̀gá mi. Èdè rẹ̀ àti tiwa bára tan, nítorí náà bó bá ń bú mi ní èdè ilé rẹ̀, ohun tí mò ń gbọ́ pọ̀ ju ohun tó rò lọ.

Òun ló kọ́kọ́ fi Linux hàn mí. Windows ni gbogbo ìgboro ń lò nígbà yẹn, ayédèrú ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, fáírọ́ọ̀sì sì ń jẹ ẹ́ bó ṣe wù ú. Nígbà tí sáíbà kafé gbòde, ọ̀gá mi ti kọ̀ǹpútà àlòkù kan sábẹ́ tábìlì, kò ní ojú, kò ní kíbọ́ọ̀dù, Linux nìkan ló wà nínú rẹ̀. Òun ló ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo kafé. Ètò kan tó ń jẹ́ Squid tó wà lórí rẹ̀ máa ń pa ojú ìwé tí ẹnì kan ti ṣí mọ́, kí ẹlòmíràn tó bá fẹ́ ẹ má baà tún lọ fà á láti òkè òkun. Bí Nẹ́pà bá mú iná lọ tí wọ́n tún mú un dé, ẹ̀rọ náà á dìde fúnra rẹ̀, kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Àwọn kafé tó kù ládùúgbò ń sanwó kí wọ́n tó rí nǹkan bẹ́ẹ̀. Tiwa, ọ̀fẹ́ ni, àwọn tó ṣe é sì gbà kí a tú inú rẹ̀ wò.

Ọ̀gá mi kì í ṣàlàyé. Bí o bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, á tẹ "man" sójú dúdú tí a ti ń tẹ àṣẹ, á tẹ orúkọ àṣẹ tí o ń béèrè tẹ̀ lé e, á wá bọ́ síta lọ jẹ sítáàṣì àti ọbẹ̀ banga. Ìwọ àti ìwé ìtọ́nisọ́nà tó jáde ni ẹ ó jọ dà á rò. Ó tẹ ìwé tí Eric Raymond kọ ní 2001 lórí bó ṣe yẹ kí èèyàn máa fi ọgbọ́n béèrè ìbéèrè, ó fi ìṣó kan gbogbo ojú ìwé rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Kí o tó la ẹnu, o ní láti kọ́kọ́ sọ ohun tí o ti kà, ohun tí o ti dán wò, àti irú ẹ̀rọ tí ò ń lò. Àwọn Yorùbá ní abéèrè kì í ṣìnà; ọ̀gá mi gbà pé kí abéèrè kọ́kọ́ ṣìnà díẹ̀ ná.

Ẹ gbọ́ o, mi ò bá a jà lórí ìyẹn. Ìwé tí mo kà nígbà náà ni mo ṣì ń jẹ lára rẹ̀ lónìí. Ohun tí àwọn ọ̀gá òkè òkun tó ń bójú tó open source kò mọ̀ ni pé ọkùnrin yẹn ń bọ́ mi. Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, ẹ̀yìn ọ̀kadà ló gbé mi sí lọ sí ọsibítù, ó sì sanwó. Nígbà tí ọdún mi pé, ó ṣe fírídọ̀mù fún mi: wọ́n pa ewúrẹ́, àwọn ọ̀gá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó, ó gbọ́wọ́ lé mi lórí, ó gbé àpótí irinṣẹ́ fún mi, ó sì sọ fún wọn pé láti ọjọ́ náà lọ, kí wọ́n máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún là ń fi fà á mọ́ra. Nínú open source, ọwọ́ òsì nìkan ni mo rí. Wọ́n á bú ẹ bí ọmọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ ẹ́ ní gbèsè kankan, kò sì sí ọjọ́ tí ẹnì kan máa dìde láàárín wọn pé ọmọ yìí ti yege.

Ìgbà kan wà tí kò rí bẹ́ẹ̀, síídì ni mo sì fi mọ̀. Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa tó lọ sí òfurufú ní 2002, ló dá ilé-iṣẹ́ Canonical sílẹ̀. Wọ́n gbé Ubuntu, irú Linux kan, jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2004, wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ kọ àdírẹ́sì rẹ̀ wá, àwọn á fi síídì ránṣẹ́ sí i, àwọn náà ni yóò sì san owó ìfìwéránṣẹ́. Àwa rèé, tí fífa mẹ́gábáìtì 700 wọlé lè gba òru mọ́jú, kí iná sì lọ nígbà tó kù díẹ̀. Mo kọ àpótí ìfìwéránṣẹ́ ọ̀gá mi sí i. Paálí kékeré dé ní tòótọ́. Inú àpò bébà líle ni síídì kọ̀ọ̀kan wà, àmì wọn sì wà lára rẹ̀, àwọn mẹ́ta tó di ọwọ́ ara wọn mú yípo. Mo pín in káàkiri Warri–Sapele Road, mo fún olùkọ́, mo fún ọmọ yunifásítì, mo fún bàbá kan tó ń ta ọ̀dà. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé kí ni wọ́n ti kà. Ní 2011 wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró, torí pé íntánẹ́ẹ̀tì ti yá, kálukú lè fà á wọlé fúnra rẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì ibo ló yá? Ẹ bi mí bó ṣe rí ní Enerhen lọ́dún náà.

Láàárín gbogbo èyí, ìjà Warri tó bẹ̀rẹ̀ ní 1997 ti lé oníbàárà lọ, GSM ti dé ní 2001, fóònù ti pa kafé, àwọn ilé-iṣẹ́ epo ti kó ọ́fíìsì lọ. Ọ̀gá mi kú. Mo di ọ̀gá.

Ọ̀ràn tó dùn mí jù lọ kò ju àmì ohùn lọ. Unicode, tí gbogbo kọ̀ǹpútà ayé fi ń kọ lẹ́tà, fún ẹ, ọ àti ṣ ní àyè tiwọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí o bá fi àmì ohùn lé ẹ tàbí ọ lórí, kò sí àyè kan ṣoṣo fún un. Lẹ́tà àti àmì ni kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ tò pọ̀. Nínú ètò ìkọ̀wé kan tí mi ò ní dárúkọ, àmì yẹn máa ń sá lọ sórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Mo ya àwòrán rẹ̀, mo sọ irú ẹ̀rọ mi, mo tẹ̀ lé gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ọ̀gá mi. Èsì tí mo gbà ni pé kí n lọ ka ìlànà Unicode, wọ́n sì ti ọ̀rọ̀ náà pa. Mo ti kà á! Òun gan-an ni mo fi mọ̀ pé àwọn ló ṣì í. Ìdí tí mi ò fi fi wọ́n sílẹ̀ nìyẹn: iṣẹ́ náà ni mo gbà, mi ò gba ìwà wọn, kò sì sẹ́ni tó lè lé mi nínú ohun tí wọ́n ti fún gbogbo ayé.

Wọ́n ní nǹkan ti ń yí padà. Linus Torvalds, tó bẹ̀rẹ̀ Linux ní 1991, tọrọ àforíjì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018 nítorí ọ̀rọ̀ kòbákùngbé tó máa ń kọ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó gba ìsinmi, wọ́n sì gbé òfin ìwà tuntun kalẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi kan bínú pé wọ́n ti sọ ọ́ di ọlọ́mọge. Inú tèmi dùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́. Lọ́dún kan náà ni Samson Goddy àti Ada Nduka Oyom dá Open Source Community Africa sílẹ̀, wọ́n sì ṣe àpéjọ ńlá wọn àkọ́kọ́ ní 2020. Wọ́n ṣe dáadáa, ọmọ ọlọ́mọ rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Èkó ni wọ́n ti ṣe é. Ìgbà wo ni kò ní jẹ́ Èkó?

Mi ò sì ní tan ọmọbìnrin PTI yẹn jẹ pé àwọn àgbà kò ní ẹjọ́ tiwọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, nítorí T-shirt ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fúnni níbi Hacktoberfest, ètò tó ń rọ èèyàn láti bá open source ṣiṣẹ́, ogunlọ́gọ̀ èèyàn rọ́ dé, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ asán kún iṣẹ́ oníṣẹ́, títí wọ́n fi yí òfin rẹ̀ padà láàárín oṣù náà. Ní oṣù kẹta ọdún 2024 ni onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Andres Freund ṣàkíyèsí pé ìwọlé sínú ẹ̀rọ òun ń fi bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀. Ó tọpa rẹ̀ dé ìdí, ó bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí wọ́n fi pamọ́ sínú ètò open source kan tó ń jẹ́ xz. Ẹni tó ń jẹ́ Jia Tan ló fi í síbẹ̀, ẹni tí kò sẹ́ni tó mọ ojú rẹ̀. Ó ti fi ohun tó ju ọdún méjì lọ ṣe ọmọlúàbí fún Lasse Collin, tó ń dá tọ́jú iṣẹ́ náà tó sì ti rẹ̀ ẹ́, kó tó dalẹ̀. Ta ló máa rí ìyẹn tí kò ní fura sí àjèjì?

Èmi náà, Ọ̀gá Kàwé ni wọ́n ń pè mí lójú títì yìí. Wọ́n ní mo le. Mo lé ọmọkùnrin kan tó pa gbogbo fáìlì ilé-ìwé kan rẹ́ nítorí pé kò ka ohun tí ẹ̀rọ ń bi í. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, mo máa tún lé ẹni tó bá ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo bá ní kó lọ kàwé, èmi náà jókòó tì í nígbà tó ń kà á, jẹnẹrétọ̀ mi ló sì ń tan iná fún un. Ẹ lọ bi àwọn tí mo ti ṣe fírídọ̀mù fún.

Ohun kan ló kù tí apá mi ò ká. Ẹgbẹ́ Debian, tó ń ṣe irú Linux mìíràn, tó sì ti wà láti 1993, ní ìlànà kan tó dára: kí o tó di ọmọ ẹgbẹ́ ní kíkún, ẹni tó ti wà nínú ẹgbẹ́ ní láti buwọ́ lu kọ́kọ́rọ́ ìdánimọ̀ rẹ, ojúkojú ni wọ́n sì sábà máa ń ṣe é, pẹ̀lú ìwé ìdánimọ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ṣe àpéjọ wọn ní Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Cape Town ní 2016. Cape Town jìnnà sí Warri. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí ẹ bá mọ ọmọ ẹgbẹ́ Debian kan tó ń kọjá ní Benin, Asaba tàbí Sapele, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó yà ní Warri–Sapele Road. Owó mọ́tò rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Kó mú ìwé ìrìnnà rẹ̀ dání. Tiwa ti wà nílẹ̀.