Owó Bàbá Tíṣà

Àwọn tó mọ̀ mí ní ọjà Sábóngàrí ní Kánò mọ̀ pé bàtà àti báàgì ọmọléèwé ni mò ń tà. Nígbà tí wọ́n ti ilé ìwé pa ní oṣù kẹta 2020 nítorí Kòrónà, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, ta ló fẹ́ ra bàtà iléèwé? Ọjà kú sí mi lọ́wọ́. Ìgbà tí wọ́n fi máa ṣí ilé ìwé padà, mi ò rówó san fún àwọn àbíkẹ́yìn mi méjèèjì.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, wà ní ìjọ wa, ilé wọn ò sì jìnnà sí tiwa ní Tàràúní. Wọ́n ní kí n máa kó àwọn ọmọ wá sí pálọ̀ àwọn, 3,000 náírà lórí ọmọ kan lóṣù. Ọmọ márùn-ún ni gbogbo wọn níbẹ̀.

Mo rò pé ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń ṣe. Ọjọ́ tí mo yà síbẹ̀, Látìn ni mo bá lẹ́nu wọn! Amo, amas, amat, wọ́n ń kọ ọ́ bí orin. Inú bí mi. Mo ní, "Bàbá, ta ló ń fi Látìn nájà ní Sábóngàrí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ṣé mo mọ Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣóògùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay ní 1827? Ká ní kò kọ́ Gíríìkì ni, báwo ni ì bá ṣe tú Májẹ̀mú Tuntun fún wa?

Wọ́n ní ìpele mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ àtijọ́ yẹn ní. Ọmọ kékeré á kọ́kọ́ kọ́ nǹkan sórí. Tó bá dàgbà díẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn, wọ́n á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jiyàn tó mọ́gbọ́n wá. Ẹ̀yìn ìyẹn ló máa wá kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ láwùjọ. Obìnrin òyìnbó kan, Dorothy Sayers, ló sọ ọ́ ní Oxford ní 1947, àwọn Kristẹni Amẹ́ríkà tó ń kọ́ ọmọ wọn nílé sì gbé e. Ti àkọ́sórí yẹn yé mi, torí gbogbo ìdájí ni àwọn ọmọ kéwú ilé kejì wa ń ké ti ojú wàláà wọn. Ti iyàn jíjà ni mi ò fura sí.

Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, tẹ̀ lé mi lọ sọ́jà ní Sátidé kan. Mò ń sọ fún oníbàárà kan pé awọ gidi ni bàtà ọwọ́ mi, torí ó wúwo. Ọmọ ní, "Dádì, rọ́bà náà máa ń wúwo." Oníbàárà gbé bàtà kalẹ̀, ó lọ. Ẹ̀yin ará, mi ò nà án o, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mò ń ráhùn nípa ẹnì kan tó kó ọjà mi láwìn. Mo ní ẹni tó bá gba nǹkan ẹlòmíì tí kò sanwó, olè ni. Ọmọ yẹn rora ní, "Dádì, oṣù méje ni Bàbá Tíṣà ti kọ́ wa tẹ́ ò tíì sanwó. Kí ni ká wá pe ìyẹn?" Ìyá ẹ̀ jágbe mọ́ ọn. Èmi ò lè sọ nǹkan kan. 42,000 náírà ni. Kì í sì í ṣe pé owó ò wọlé rárá, ọjà tuntun ni mo fi rà, torí Bàbá ò béèrè.

Ìgbà tí mo dé ilé wọn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ilẹ̀kùn wà ní títì. Ojú ló ń dùn wọ́n, àwọn ọmọ wọn ti wá gbé wọn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n fi ìwé Látìn wọn sílẹ̀ fún ọmọ mi lọ́dọ̀ aládùúgbò.

Mo fi 24,000 ránṣẹ́, mo pè wọ́n, mo ń bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé fóònù fún ọmọ. Àwọn méjèèjì wá ń sọ Látìn wọn, mi ò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀. 18,000 ló kù. Mò ń gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ fúnra mi lóṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ní ẹrù tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé, kó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù.