Baba Ló Lọmọ, Ta Ló Ni Ìgbàgbọ́ Ọmọ?

Ìjòyè Ìbàdàn ni Olúńlóyọ̀, kì í ṣe onígbàgbọ́. Síbẹ̀, nígbà tí míṣọ́nnárì David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ wá tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní 1853, ó fa ọmọ rẹ̀ méjì, Akínyẹlé àti Yéjídé, lé Anna lọ́wọ́ pé kó kọ́ wọn níwèé. Orúkọ Yéjídé yìí ni ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn ọmọbìnrin kan ń jẹ́ títí dòní. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni bi àwọn ọmọ náà bóyá wọ́n fẹ́ lọ. Kò pẹ́ sígbà náà, àwọn òbí mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í na ọmọ tó bá ń tọ àwọn onígbàgbọ́ lọ ní Kúdẹtì, níbi tí ìjọ Hinderer wà, wọ́n ń dè wọ́n mọ́lé. Ẹni tó fa ọmọ sílẹ̀ àti ẹni tó dè é mọ́lẹ̀, agbára kan náà ni wọ́n ń lò.

Ní agboolé wa ní Bẹẹrẹ, ní Ìbàdàn kan náà, mọ́sáláṣí Ọjà'ba ni bàbá mi ń kí Jímọ̀ sí. Àbúrò ìyá mi ń tẹ̀ lé eégún Alápáǹsánpá, ṣùgbọ́n ẹran Iléyá tirẹ̀ kì í yẹ̀. Ilé kéwú ni wọ́n fi gbogbo wa sí. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ń parí girama ló sọ pé ṣọ́ọ̀ṣì lòun ń lọ. Bàbá dákẹ́ títí, ó wá ní: "Ṣé wàá ṣì máa dọ̀bálẹ̀ kí àwọn ẹ̀gbọ́n mi?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ Sunday, Bàbá na owó ọkọ̀ sí i: "Má fẹsẹ̀ rìn lọ bí ẹni tí kò ní baba."

Inú bàbá mi kò dùn o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí àṣẹ rẹ̀ mọ. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé Nàìjíríà ti 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà ṣe tirẹ̀ ní 2006, kò jìnnà sí èyí: ọmọ lómìnira ẹ̀sìn, kí òbí sì máa tọ́ ọ sọ́nà bí òye rẹ̀ ṣe ń dàgbà tó.

Òdì èyí ló pọ̀ lóde báyìí. Ọmọ lè kọjá lára àgbà láìkí i, kí ó purọ́, kí ó sùn di ọ̀sán, òbí ò ní wí nǹkan kan. Kó ṣèèṣì sọ pé òun ò lọ sí ìṣọ́ òru mọ́, ilé á dàrú. Ẹ̀yin òbí, ìkíni, òótọ́ àti iṣẹ́ ni kí ẹ le mọ́ wọn lórí. Ní ti ẹ̀sìn, ẹ kọ́ wọn ní tiyín láti kékeré. Tí wọ́n bá dàgbà tí wọ́n ní ọ̀rọ̀ sọ, ẹ jókòó gbọ́ ọ.