Ìlà Ẹ̀yìn

Nígbà tí àwa mẹ́ta lọ ṣe T.P. ní ilé ẹ̀kọ́ kan lẹ́yìn odi Adó-Èkìtì, ìlà ẹ̀yìn ni àwọn ọmọ àgọ́ ń jókòó sí. Ọmọ àgbẹ̀ Ẹ̀bìrà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn wá láti oko, wọn kì í sì í tètè dé. Àwa gan-an la ní kí wọ́n máa jókòó sẹ́yìn, kí wọ́n má baà dí àwọn tó ti dé lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin kan nínú wọn dìde láti ka àlọ́. Ó ní Ìjàpá ń lu ìlú, dípò ìlù. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Kí a má purọ́, àwa náà rẹ́rìn-ín. Àwa tí a ń pe ilé ní "ulé" nílé wa! Ọmọ náà kò nawọ́ mọ́ títí a fi kúrò níbẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ ní 1954 pé ìjọba kò gbọdọ̀ ya ilé ẹ̀kọ́ ọmọ dúdú sọ́tọ̀ sí ti ọmọ funfun. Ní 1971, ó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi bọ́ọ̀sì kó ọmọ láti àdúgbò kan lọ sí òmíràn. Ìwádìí Rucker Johnson fi hàn pé àwọn ọmọ dúdú tó jàǹfààní àyípadà yìí kàwé jìnnà sí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe jíjókòó pọ̀ nìkan ló ṣe é: owó tí wọ́n ń ná lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan pọ̀ sí i, èrò kíláàsì sì dín kù.

Níbí, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1955 mú ilé ẹ̀kọ́ súnmọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà àgọ́ ṣì jìn. Bọ́ọ̀sì pàápàá ti di ohun ẹ̀rù. Ní January 29, 2024, àwọn ajínigbé dá bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ kan lọ́nà láti Emùré-Èkìtì sí Eporo, wọ́n sì kó àwọn ọmọ àti olùkọ́ wọn lọ. Ọjọ́ mélòó kan kọjá kí wọ́n tó dá wọn sílẹ̀. Òbí wo ló gbọ́ ìyẹn tí àyà rẹ̀ kò já?

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá ṣe àyẹ̀wò wa, òjò rọ̀ láti òru, àwọn ọmọ àgọ́ kò lè wá. Kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Máàkì wa dára.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ fún T.P. lọ́dún yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ìlà ẹ̀yìn.