Orin Tí A Kò Kọ Sílẹ̀

Láti ìgbà tí mo wà ní ọ̀dọ́bìnrin ni mo ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Kátólíìkì ní abúlé wa, ní agbègbè Kétu. N kò mọ̀wé nígbà náà. Bàbá tó ń darí orin ni ìwé wa. Bí ó bá dá orin, a ó gbè é.

Bàbá máa ń sọ fún wa pé, nígbà tí òun wà ní ọmọdé, èdè Látìn ni wọ́n fi ń ṣe Míísà. Wọ́n ń kọrin, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń wí kò yé wọn. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 1963, Póòpù Paul VI àti àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó pé jọ ní Róòmù fọwọ́ sí ìwé kan. Ìwé náà gbà kí a máa lo èdè abínibí nínú ìsìn. Ó tún ní kí a ka orin ìbílẹ̀ sí. Báyìí ni èdè wa àti ìlù wa ṣe wọ Míísà. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí ṣe orin tuntun. Kò kọ ọ̀kan sílẹ̀.

Bàbá kú. Nígbà tí àjọ̀dún ìkórè dé, a dá orin ọrẹ rẹ̀. Ẹsẹ 1 lọ dáadáa. Ẹsẹ 2 lọ. Nígbà tó kan ẹsẹ 3, gbogbo wa dákẹ́. Ìlù nìkan ló ń dún. Omi bọ́ lójú mi. Ó dà bí ẹni pé Bàbá tún kú lẹ́ẹ̀kejì.

Ọdún yẹn ni mo wọ kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Nígbà tí mo lè kọ̀wé díẹ̀, mo ra kàyé, mo lọ bá ìyàwó Bàbá. Mo kúnlẹ̀, mo ní: “Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orin Bàbá fún mi.” Ó ń fi ẹnu kọ ọ́, èmi ń fi ọwọ́ kọ ọ́. Ẹsẹ 3 wà lẹ́nu rẹ̀!

Ṣùgbọ́n n kò fi àmì ohùn sí i. Níbi tí Bàbá ti wí pé a gbé igbá wa wá, ọmọbìnrin mi kà á pé a gbé ìgbà wa wá. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. Ó ní: “Ọmọ mi, igbá ni a fi ń gbé iṣu wá síwájú pẹpẹ. Ta ló lè gbé ìgbà?” Mo mú kàyé náà, mo fi àmì sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Orin 16 ló wà nínú kàyé mi báyìí. Ìyá àgbà náà ti lọ bá ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìkórè tó kọjá, a kọ orin ọrẹ náà dé òpin. Ọmọbìnrin mi ló dá a.

Ẹ̀yin ará mi, àgbà kan wà nítòsí yín tó mọ orin. Ẹ mú kàyé, ẹ lọ jókòó tì í. Orin tó wà lẹ́nu nìkan, ẹni tó ni ẹnu ló ń bá lọ.