Ẹsẹ̀ tí Mo Fi Ń Jẹun

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó lé mi sí ojú títì. Ìdájí ni mo ń jáde sáré, kí ọkọ̀ akẹ́rù tó gba Ọba Akran ní Ìkẹjà kan, n ó sì kọrí sí ìhà Agége. Títì ọlọ́dà ni ó pọ̀ jù lójú ọ̀nà náà, ṣùgbọ́n kòtò wà níbẹ̀, kọnkéré tó bo gọ́tà sì ń mì bí ehín arúgbó.

Nítorí kòtò wọ̀nyí ni mo ṣe ra bàtà òkíríkà kan tí ehín ìsàlẹ̀ rẹ̀ gùn. Ó ń dán, mo sì rò pé mo gbọ́n. N kò mọ̀ pé bàtà inú igbó àti orí òkè ni. Ilẹ̀ rírọ̀ ni irú ehín bẹ́ẹ̀ ń wọ̀. Lórí ọ̀dà, ṣe ni ó ń gbé ẹsẹ̀ sókè, tí ẹsẹ̀ kò fi ní dúró dáadáa. Fóòmù inú rẹ̀ pàápàá ti gan, nítorí bàtà a máa gbó bí a kò tilẹ̀ wọ̀ ọ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò dá, mo tẹ etí kọnkéré gọ́tà, ọrùn ẹsẹ̀ mi sì yí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni n kò fi lè dúró nídìí ẹ̀rọ. Òṣìṣẹ́ olówó ojúmọ́ ni mí: ọjọ́ tí n kò bá lọ, kò sí owó. Èrè ọjà ìyàwó mi ni a fi san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ. Kò sọ nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ni ó dùn mí jù.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ṣebí ẹsẹ̀ lásán ni Abebe Bikila ará Ẹtiópíà fi gba wúrà ní Róòmù ní 1960. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní Tókíò ní 1964, bàtà ni ó wọ̀, ó sì tún gba wúrà. Ta ni yóò fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ìṣó ní Agége?

Ìrọ̀lẹ́ ni mo lọ ra òmíràn, nítorí ẹsẹ̀ a máa wú bí ọjọ́ bá ti ń lọ. Mo fi àyè ìbú àtàǹpàkò kan sílẹ̀ níwájú ọmọ ìka tó gùn jù. Mo tẹ̀ ẹ́ wò: ibi tí ìka ẹsẹ̀ ti ń ṣẹ́ ni ó ti ṣẹ́, kì í ṣe àárín. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, ehín rẹ̀ kúrú. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká ju òkíríkà lọ, kí ó yí ìdí rẹ̀ wò. Bí gìgísẹ̀ bá ti jẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìrìn ẹlòmíràn ni ó fẹ́ rà.

Síbẹ̀, bàtà kì í dí gọ́tà. Bí mo bá dé ibi tí kọnkéré ti fọ́, mo ń rìn ni.